Kí Ló Gba Iyì Lọ́wọ́ NUGA? Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Eré Ìdárayá Ilé-Ẹ̀kọ́

Ọdún 1966 ni àwọn yunifásítì Nàìjíríà kọ́kọ́ kó eléré ìdárayá wọn jọ sí Ìbàdàn fún ìdíje tí gbogbo wa wá mọ̀ sí NUGA. Márùn-ún péré ni yunifásítì wa nígbà náà: Ìbàdàn, Nsukka, Ifẹ̀, Èkó àti Ahmadu Bello ní Zaria. Lónìí wọ́n ti lé ní 250. Èkìtì, tí kò tíì di ìpínlẹ̀ nígbà yẹn, ti ní EKSU ní Adó, FUOYE ní Ọ̀yẹ́, ABUAD tí Afẹ́ Babalọlá dá sílẹ̀, àti BOUESTI ní Ìkẹ́rẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ń pọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ń pọ̀, ṣùgbọ́n iyì ìdíje náà kò bá wọn pọ̀. Ọ̀dọ́ tó lè ka orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù Arsenal láì mí lè má mọ yunifásítì tó borí ní NUGA tó kọjá.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì. Ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó lè rí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, akádẹ́mì tàbí pápá ìṣeré ńlá ládùúgbò rẹ̀. Ọmọ Èrìjìyàn, Àrámọkọ, Ìjerò tàbí Ẹ̀fọ̀n kò ní irú ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ilé-ẹ̀kọ́ ni àkàbà tirẹ̀: íńtà-háòsì, lẹ́yìn náà ìdíje ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́yìn náà ti ìpínlẹ̀, lẹ́yìn náà yunifásítì. Bí àkàbà náà bá kán lójú kan, ọmọ Èkó á wá ọ̀nà mìíràn gbà. Tiwa ni yóò dúró sísàlẹ̀.

Kí a tó gbọ́ ẹnu àwọn tó ń jiyàn, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń pè ní iyì. Kì í ṣe bí ife ẹ̀yẹ ṣe tóbi tó. Ìdíje a máa níyì nígbà tí àwọn tó mọ eré jù bá wá síbẹ̀, nígbà tí àwọn èèyàn bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá wòran, àti nígbà tí ẹni tó borí bá ti ibẹ̀ dé ibi gíga. Ìdíje lè pàdánù ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí kí méjì yòókù ṣì dúró. Ohun tó fà á tí ìjiyàn yìí kò fi tán ni pé, ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ òǹwòran, ẹnìkejì ń sọ̀rọ̀ eléré, wọ́n sì rò pé ohun kan náà làwọn ń wí.

Àwọn tó ní ìjọba ló bà á jẹ́

Èrò yìí ló gbilẹ̀ jù láàárín àwọn àgbà. Wọ́n ní ìgbà tí àwọn ìjọ ń darí ilé-ẹ̀kọ́ ni eré ìdárayá fi ní láárí. Gémù-másítà wà, pápá wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé bọ́ọ́dìn, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ sì wà fún eré. Àpẹẹrẹ tí wọ́n sábà máa ń fà yọ ni St. Finbarr's College ní Àkọkà, tí àlùfáà ọmọ Ireland, Denis Slattery, dá sílẹ̀ ní 1956, tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú Principals' Cup Èkó. Ibẹ̀ ni Stephen Keshi àti Henry Nwosu ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù tó mú wọn dé ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè. Ní Èkìtì, Christ's School ní Adó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1933, ni wọ́n máa ń dárúkọ bí wọ́n bá fẹ́ sọ ilé-ẹ̀kọ́ tó da ìwé pọ̀ mọ́ eré.

Wọ́n ní ìjọba gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọ ní nǹkan bí 1975, bọ́ọ́dìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́. Nígbà tó di 1979, gómìnà Adékúnlé Ajásin kéde ẹ̀kọ́ girama ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Èkìtì wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ilé-ẹ̀kọ́ girama hù káàkiri abúlé àti ìlú. Ọmọ kún kíláàsì, ṣùgbọ́n owó eré àti olùkọ́ eré kò bá ọmọ dé. Níbòmíràn, wọ́n kọ́ kíláàsì tuntun sórí pápá.

Agbára èrò yìí ni pé ojú rí i. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Àrámọkọ lọ sí Ìkógòsì lè fi ojú ara rẹ̀ wo iye ilé-ẹ̀kọ́ tí pápá rẹ̀ ti di ìgbẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ rẹ̀ kò bára mu. Bó bá jẹ́ pé 1975 ni nǹkan bàjẹ́, báwo ni Henry Nwosu, tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ gan-an, ṣe wà nínú Green Eagles tó gba ife Áfíríkà ní Èkó ní 1980? Báwo ni àwọn ọmọdé, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ girama, ṣe lọ sí China ní 1985 tí wọ́n sì gba ife àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 16 lọ? Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí ìjọba gba ilé-ẹ̀kọ́ ni ìyẹn. Yálà agbára àtijọ́ ló ṣì ń ṣiṣẹ́ lára wọn, tàbí ohun mìíràn ló wá ba nǹkan jẹ́ lẹ́yìn náà.

Ohun kan tún wà tí èrò yìí máa ń fò dá. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló gbé ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ dé pápá ilé-ẹ̀kọ́ rárá. Ní ìgbà tí àwọn àgbà ń yìn, ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lè san owó ilé-ẹ̀kọ́ kì í sí lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń sáré. Ìdíje náà níyì, àmọ́ àwọn díẹ̀ ló ń dù ú. Mi ò rò pé ó yẹ kí a ka iye yẹn sí òdo.

Àwọn tó ní ìyanṣẹ́lódì ni

Ọ̀rọ̀ tiwọn kò gùn. Ìdíje tí ọjọ́ rẹ̀ kò dúró kò lè níyì. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ní 2013 gba bí oṣù mẹ́fà, ti 2020 gba bí oṣù mẹ́sàn-án, ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí UNILAG gba àlejò NUGA ní March 2022, ìyanṣẹ́lódì tó bẹ̀rẹ̀ ní February ọdún yẹn ṣì wà nílẹ̀. Àwọn eléré ń sáré, kíláàsì wà ní títì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ì bá jókòó wòran sì ti padà sílé òbí wọn.

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ọdún méjì-méjì ló yẹ kí NUGA máa wáyé. Bí kò bá yẹ̀ rí láti 1966, ti 2022 ì bá jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kọkàndínlọ́gbọ̀n. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrìndínlọ́gbọ̀n ni. Láàárín ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló jìn sí ọ̀fìn. Ogun abẹ́lé wà nínú ọdún wọ̀nyẹn, ìjọba ológun wà níbẹ̀, àrùn kòrónà náà wà níbẹ̀. Ìdíje tó la gbogbo ìyẹn kọjá kò kú nítorí kàlẹ́ńdà. Ìyanṣẹ́lódì ń lé òǹwòran lọ, ó sì ń ba ìgbáradì eléré jẹ́, ṣùgbọ́n kò lè dá ru ẹrù gbogbo.

Àwọn tó ní àwọn tó mọ eré jù ti lọ

Èrò yìí ni mo gbà pé ó wúwo jù, òun ló sì yẹ ká fara balẹ̀ yẹ̀ wò.

Ní ìgbà kan, ẹni tó mọ eré tó sì mọ̀wé, ilé ni yóò ti ṣe méjèèjì. Adokiye Amiesimaka ń ka òfin ní UNILAG nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí kàwé ní Pólì Ìbàdàn, ó sì di ìràwọ̀ Shooting Stars àti Green Eagles. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ wòran ìdíje ilé-ẹ̀kọ́ nígbà yẹn lè máa wo ẹni tí yóò bá Gánà gbá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà Amẹ́ríkà là. Hakeem Ọlájuwọ́n jáde láti Muslim Teachers' College ní Èkó, ó wọ Yunifásítì Houston ní 1980, nígbà tó sì di 1984 òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú nínú gbogbo àwọn agbábásíkẹ́ẹ̀tì tó ń wọ NBA. Michael Ọlówókandí, tí wọ́n bí sí Èkó, gba ipò kan náà ní 1998 láti Yunifásítì Pacific. Nínú eré sísá, Ọlápadé Adéníkẹ̀ẹ́ lọ sí UTEP ní Texas, Fálílátù Ògúnkọ̀yà lọ sí Mississippi State. Ọ̀nà yẹn kò tíì dí. Tóbi Amúsàn gbéra láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí UTEP kan náà, ó sì sá ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní Eugene ní July 2022, èyí tí ẹnikẹ́ni kò sá rí nínú eré onídènà 100 mítà àwọn obìnrin. Àwọn obìnrin D'Tigress tó dé ìpele mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní Paris ní 2024, ohun tí ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì Áfíríkà kankan kò ṣe rí ní Olympics, ọ̀pọ̀ wọn ló kọ́ eré wọn ní yunifásítì Amẹ́ríkà.

Ní ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, akádẹ́mì ló gba ipò ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó mọ bọ́ọ̀lù kì í dúró de JAMB mọ́. Aṣojú ti rí i, ó ti ń bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ Yúróòpù. Àwọn tó kù dé yunifásítì lè mọ bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n òǹwòran mọ̀ pé àwọn tó mọ̀ ọ́n jù kò sí níbẹ̀.

Agbára èrò yìí ni pé ó ṣàlàyé ohun tí àwọn yòókù kò lè ṣàlàyé: ìdí tí yunifásítì tí pápá rẹ̀ dára, tí kò mọ ìyanṣẹ́lódì, kò fi lè mú òkìkí àtijọ́ padà. Àìlera rẹ̀ ni pé ó lè mú wa gbàgbé ohun tó ń lé ọmọ lọ. Amúsàn kò kúrò nílé nítorí pé ó kórìíra ilé. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, kóòṣì, oúnjẹ, dókítà àti orí pápá tó tẹ́jú ló tọ̀ lọ. Bí àwọn wọ̀nyí bá wà ní Ifẹ̀ tàbí Adó, ṣé yóò ṣì lọ? Níbi yìí ni èrò yìí ti padà bọ́ sọ́wọ́ èrò àkọ́kọ́, ti àwọn tó dá ìjọba lẹ́bi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Maui

Àwọn kan máa ń sọ pé àìlówó Nàìjíríà nìkan ló fa gbogbo èyí. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí owó wà.

Ní Amẹ́ríkà, ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì kan wà tí àwọn yunifásítì máa ń lọ gbá ní erékùṣù Maui ní Hawaii, nígbà ìsinmi Ìdúpẹ́ oṣù November. Orísun rẹ̀ dùn ún gbọ́. Ní December 1982, Chaminade, yunifásítì kékeré kan ní Hawaii, na Virginia tó wà ní ipò kìíní lórílẹ̀-èdè náà pẹ̀lú Ralph Sampson òmìrán wọn, àmì 77 sí 72. Látinú ìyàlẹ́nu yẹn ni wọ́n dá ìdíje Maui sílẹ̀ ní 1984. Gbọ̀ngàn Lahaina tí wọ́n ti ń gbá a kéré, àwọn tó ń wọ ibẹ̀ kò ju bí 2,400 lọ, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ tó lórúkọ jù ń dù ú láti débẹ̀, tẹlifíṣọ̀n sì ń gbé e káàkiri. Iná ńlá jó ìlú Lahaina ní August 2023, wọ́n gbé ìdíje náà lọ sí Honolulu lọ́dún yẹn, wọ́n sì dá a padà ní 2024.

Àmọ́ ní November 2024 yẹn gan-an ni ìdíje tuntun kan, Players Era, bẹ̀rẹ̀ ní Las Vegas. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ ló díje, wọ́n sì ṣèlérí mílíọ̀nù kan dọ́là fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn agbábọ́ọ̀lù lè rí nínú rẹ̀. Láti July 2021 ni òfin ti gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti fi orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ pawó. Nígbà tó di 2025, ẹgbẹ́ méjìdínlógún ló wà ní Las Vegas, àwọn ẹgbẹ́ tó sì lọ sí Maui lọ́dún yẹn kò ní òkìkí ti tẹ́lẹ̀. Ìdíje kan tó ti pẹ́ ju Maui lọ, Great Alaska Shootout tó bẹ̀rẹ̀ ní 1978, ti kógbá sílé ní 2017.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbí, wọn kò sì dojú kọ ibì kan náà. Èkíní ni pé ìtàn àti ẹwà ibì kan kò lè mú àwọn tó mọ eré dúró bí èrè bá wà níbòmíràn. Èyí ń ti èrò àwọn tó ní ìràwọ̀ ti lọ lẹ́yìn. Èkejì ni pé owó púpọ̀ gan-an lè pa iyì ìdíje kan. Ẹni tó bá sọ pé owó onígbọ̀wọ́ nìkan ni NUGA nílò kò tíì wo Maui dáadáa, nítorí owó tó gbé ìdíje kan ga lè jẹ́ owó tó fa òmíràn ya.

Àwọn tó ní ìdíje pọ̀ jù

Yunifásítì ní NUGA, àwọn póòlì ní NIPOGA, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ní NICEGA, àwọn yunifásítì aládàáni ní NPUGA. Àwọn tó di èrò yìí mú ní bí ọbẹ̀ bá pọ̀ lórí iná, kò sí èyí tí yóò ta sánsán. Ó mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n ó ń wo àmì, kò wo àrùn. Ìdíje pọ̀ ní Amẹ́ríkà ju tiwa lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní òǹwòran.

Àwọn tó ní tẹlifíṣọ̀n ni

Kanu lọ sí Arsenal ní 1999, Òkóchà lọ sí Bolton ní 2002, tẹlifíṣọ̀n sátẹ́láìtì sì gbé wọn wọ inú ilé ìworan bọ́ọ̀lù ní gbogbo ìlú. Ọjọ́ Sátidé, tó jẹ́ ọjọ́ ìdíje ilé-ẹ̀kọ́ tẹ́lẹ̀, di ọjọ́ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fún òǹwòran bọ́ọ̀lù, èrò yìí kò ṣeé já ní koro. Ṣùgbọ́n kí ni ó sọ nípa eré sísá, odò wíwẹ̀ tàbí básíkẹ́ẹ̀tì, tí iyì tiwọn náà dín kù? Tẹlifíṣọ̀n kan náà ló sì gbé Maui dé ojú ayé. Kí ló dé tí tiwa kò fi rí bẹ́ẹ̀? Kámẹ́rà kì í lọ síbi tí kò bá sí ẹni tó tọ́jú ibẹ̀ dè é.

Àwọn tó ní ẹ̀tàn ni

Gbogbo ẹni tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ ló mọ ọ̀rọ̀ náà mẹ̀sẹ́nárì: ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n wọ aṣọ rẹ̀ fún, tàbí ẹni tó ti jáde tipẹ́ tó padà wá ṣe ọmọdé. Nígbà tí òbí bá rí i pé ọmọ òun ń bá bàbá ọlọ́mọ díje, á fà á kúrò. Orílẹ̀-èdè wa ti jìyà irú rẹ̀ rí: FIFA fòfin de Nàìjíríà fún ọdún méjì kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ nítorí ọjọ́ orí tí kò bára mu, a sì pàdánù àǹfààní láti gbàlejò ìdíje ọ̀dọ́ àgbáyé ti 1991. Láti 2009 ni FIFA ti ń fi ẹ̀rọ MRI wo egungun ọwọ́ àwọn ọmọ nínú ife àgbáyé àwọn tí kò ju 17 lọ.

Èrò yìí ṣe pàtàkì nítorí ó kan ìgbàgbọ́, láìsí ìgbàgbọ́ iyì kò sí. Ṣùgbọ́n mẹ̀sẹ́nárì wà nígbà tí ìdíje ilé-ẹ̀kọ́ wà ní góńgó òkìkí rẹ̀. Nígbà yẹn gan-an, ìdí tí àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fi ń wá mẹ̀sẹ́nárì kiri ni pé ife ẹ̀yẹ náà ṣe pàtàkì sí wọn. Nítorí náà, ẹ̀tàn lè jẹ́ ẹ̀rí pé iyì wà, ó sì lè jẹ́ ohun tó ń jẹ ẹ́ run díẹ̀díẹ̀.

Àwọn tó ní iyì kò lọ síbì kankan

Àwọn wọ̀nyí sábà máa ń jẹ́ ọ̀dọ́, ó sì yẹ ká gbọ́ tiwọn. Omi tuntun ti rú, wọ́n ní, ẹja tuntun ti wọ inú rẹ̀. HiFL, líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga, bẹ̀rẹ̀ ní 2018 pẹ̀lú onígbọ̀wọ́, tẹlifíṣọ̀n, àti ìdíje tí wọ́n ń gbá láti ilé-ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn dípò kí gbogbo wọn kóra jọ síbì kan. MTN Champs bẹ̀rẹ̀ ní 2023, ó ń lọ láti ìlú kan sí òmíràn ní wíwá àwọn ọmọ tó mọ eré sísá. Ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì girama tí Milo ń gbọ̀wọ́ ti wà láti 1999. Wọ́n tún ní ohun tí àwọn àgbà ń ṣe ọ̀fọ̀ rẹ̀ ni ìgbà èwe wọn, kì í ṣe ìdíje.

Wọ́n gba àmì lọ́wọ́ mi lórí ohun kan: àwọn ìdíje tuntun yìí mọ ibi tí ọmọ ń lọ lẹ́yìn tó bá borí, wọ́n sì ń fi hàn án. Èyí gan-an ni àkàbà tí ìdíje àtijọ́ pàdánù. Ṣùgbọ́n onígbọ̀wọ́ ló ni wọ́n. Ilé-iṣẹ́ lè yí èrò padà lọ́dún kan ṣoṣo, yunifásítì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlú ńlá ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń lọ, níbi tí ọ̀dà dúdú ti tẹ́jú tí hòtẹ́ẹ̀lì sì wà. Ìyẹn yé mi. Kò sì mú ọmọ Ìjerò súnmọ́ wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ṣì wà

Nínú gbogbo èrò yìí, àwọn tó ń sọ pé àwọn tó mọ eré jù ti lọ ni ẹ̀rí wọn le jù, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa ilé-ẹ̀kọ́ àti pápá ló sì ń ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi lọ. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ nǹkan ṣì wà láìyanjú.

Kò tíì yanjú bóyá ìdíje ilé-ẹ̀kọ́ lè níyì láìsí àwọn tó mọ eré jù. Àwọn kan ní ó ṣeé ṣe, pé bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá rí ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn nínú rẹ̀, wọn yóò wá. Maui kò dáhùn ìbéèrè yìí, nítorí ó ṣì wà láàyè, Lahaina sì ṣì ń gbàlejò.

Kò tíì yanjú bóyá ó yẹ kí a máa sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń díje. Amẹ́ríkà ti yan tiwọn, èso rẹ̀ kò sì tíì pọ́n tán. Níbí, níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń jà fún owó ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún eléré lè wúlò ju owó lọ́wọ́ lọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò san án, ìjọba ìpínlẹ̀ ni àbí yunifásítì?

Èyí tó ń gbé mi lọ́kàn jù kò sí nínú ọ̀pọ̀ ìjiyàn yìí. Gbogbo èrò tí a ti yẹ̀ wò bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ bá ti dé ojú àwọn tó ń wá eléré. Kò sí èyí tó sọ bí ọmọbìnrin tó ń fò gíga nínú íńtà-háòsì ní Èrìjìyàn ṣe máa dé ojú wọn, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní gémù-másítà, tí ìdíje ìjọba ìbílẹ̀ kò sì dájú lọ́dọọdún. Ta ni yóò kọ iye mítà tó fò sílẹ̀? Ta ni yóò sì gbé ìwé náà dé Àrámọkọ?